Ilé tí a ò fọwọ́ kàn

Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lónìí o, òun rèé:

v(3) = 7.5;

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ kóòdù, ẹ má tíì lọ, ọ̀rọ̀ náà ò le. Ṣé ẹ mọ ọpọ́n ayò? Ilé méjìlá, mẹ́fà lọ́dọ̀ tèmi mẹ́fà lọ́dọ̀ tìẹ, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ 48. Ká wá ní a to àwọn ilé yẹn sórí ìlà kan gbọọrọ, a fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, tó wá jẹ́ pé dípò ọmọ ayò nọ́ńbà là ń fi sínú ẹ̀, fẹ́kítọ̀ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tó wà lókè yẹn ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó lọ bá ilé tó ń jẹ́ 3, kó kó ohun tó bá níbẹ̀ dànù, kó fi 7.5 síbẹ̀.

Kò sí iṣẹ́ tó kéré tó yẹn nínú láíbìrì ìṣirò kankan, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíì lè mú lò. Òun ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ láíbìrì kékeré kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), C++ la fi ń kọ ọ́, fẹ́kítọ̀, mátíríìsì, àti yíyanjú ìdọ́gba tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ti bi wá pé kí la tún ń kọ nígbà tí Eigen wà ńlẹ̀, tí LAPACK ti wà láti 1992, tí BLAS tiẹ̀ ti wà láti 1979, láíbìrì ìṣirò ni gbogbo wọn. Ìdáhùn mi ni pé mo fẹ́ kí àwọn àbúrò tá a ń kọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta rí kóòdù tí wọ́n lè kà láti òkè délẹ̀ láàrin ọjọ́ kan kó sì yé wọn, torí LAPACK ò ṣeé kà bẹ́ẹ̀, ó tóbi jù, mo sì gbà gbọ́ gidi pé ẹni tí ò bá rí inú nǹkan rí ò lè fọkàn tán an dáadáa.

Iṣẹ́ tá a kọ́kọ́ fẹ́ fi láíbìrì náà ṣe ni ooru inú ògiri. Ilé ìyá àgbà mi ní Kétu, ògiri amọ̀ ni, ó nípọn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, tóòrùn bá mú lọ́sàn-án gangan tẹ́ ẹ wọbẹ̀ ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Yàrá tí mò ń gbé níbí, bíríkì sìmẹ́ǹtì ni, 15 sẹ̀ǹtímítà péré, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ògiri yẹn á ti gbóná bí ààrò. Mo fẹ́ fi nọ́ńbà sọ ìyàtọ̀ yẹn. Bá a ṣe ń ṣe é ni pé a máa fàmì sára ògiri láti ìta wọnú, àmì kan ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ooru ojú àmì kọ̀ọ̀kan á ní ilé tiẹ̀ nínú fẹ́kítọ̀, ilé àkọ́kọ́ ni ìta níbi tóòrùn ti ń pa á, ilé ìkẹyìn ni ojú ògiri tó kọjú sí yàrá, àwọn ilé tó wà láàrin, aládùúgbò méjì péré ni ìkọ̀ọ̀kan mọ̀, ọ̀kan lápá òsì ọ̀kan lápá ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà á wá máa yanjú ìdọ́gba tó so ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ aládùúgbò ẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú fún odindi ọjọ́ kan. Ilé àkọ́kọ́ àti ilé ìkẹyìn, àwa fúnra wa là ń fi nọ́ńbà sínú wọn ní gbogbo ìgbà, inú yàrá a fi í sí dìgírì 28 fún ògiri méjèèjì, a wá ń wo iye ooru tó ń gba ara ògiri wọlé.

Àbájáde jáde. Kọ̀ǹpútà ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ooru tó ń gba ara bíríkì wọlé, pé ó sàn ju amọ̀ lọ.

N ò gbà, ṣùgbọ́n n ò rí ohun tí mo máa fi ta kò ó, gbogbo tẹ́ẹ̀sì wa, kóòdù kéékèèké tá a fi ń yẹ láíbìrì náà wò, ló yege. Mo pe ìyá àgbà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kí wọn tán, mo wá sọ ohun tí kọ̀ǹpútà wí fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì sùn nínú méjèèjì." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa wá a lọ.

Mo wò ó nínú físíìsì, mo wo nọ́ńbà tá a fi sọ bí amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ṣe ń jẹ́ kí ooru kọjá, mo tún apá tó ń yanjú ìdọ́gba kọ látìbẹ̀rẹ̀. Mo fi AddressSanitizer ṣọ́ ọ, irinṣẹ́ kan tó wà nínú GCC àti Clang (àwọn tó ń túmọ̀ C++ fún kọ̀ǹpútà) tó máa ń kígbe tí kóòdù bá tẹsẹ̀ sí ìta mẹ́mórì tí wọ́n fún un, kò sọ nǹkan kan. Ohun tó jẹ́ kó dákẹ́ rèé o: ká má bàa máa tọrọ mẹ́mórì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo, a ti gba ilẹ̀ ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú ẹ̀ la ti ń gé pulọ́ọ̀tì fún fẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹni tó bá rìn kọjá ààlà tiẹ̀ bọ́ sínú ti aládùúgbò, lójú AddressSanitizer inú ilẹ̀ wa náà ló ṣì wà, kò lè mọ̀ pé ó ti wọ ibi tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ògiri amọ̀ 40 sẹ̀ǹtímítà, mo gé ilé 40 fún un. Bẹ́ẹ̀ 40 sẹ̀ǹtímítà, àmì 41 ló ní, tẹ́ ẹ bá ka ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí pọ̀. Nígbà tí mo wá kọ amo(40) = 28, kò sí ilé tó ń jẹ́ 40 lọ́dọ̀ amọ̀, ilé ẹ̀ parí sí 39 torí òdo la ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ni 28 bá lọ bọ́ sínú ilé àkọ́kọ́ aládùúgbò ẹ̀, biriki(0). Ilé àkọ́kọ́ bíríkì, ìta mà ni, níbi tóòrùn ti ń pa á ní dìgírì 38 lọ́sàn-án! Gbogbo ìgbà tí mo bá fi ooru ìta síbẹ̀, ìlà tó tẹ̀lé e á tún fi 28 pa á rẹ́, bíríkì mi wà lábẹ́ ibòji látàárọ̀ dalẹ́, 28 níta 28 nínú, ooru wo ló fẹ́ wọlé? Amọ̀ ní tiẹ̀ tọ̀nà, torí nígbà tó fẹ́ ka ilé 40 padà, ibi tó ṣì kọ ọ́ sí náà ló ti lọ kà á.

Ó dùn mí torí ó yẹ kí n mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ní ọjà ọrọọrún, tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tó kàn ọjọ́ Ẹtì ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo máa ń bá ìyá àgbà jiyàn pé ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn kì í ṣe márùn-ún, wọ́n á ní kí n ka ọjọ́ tá a wà nínú ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, ó pé àbí kò pé? Ọjọ́ márùn-ún, àlàfo mẹ́rin. Ìsán náà bẹ́ẹ̀, mẹ́sàn-án là ń kà, mẹ́jọ ló wà láàrin. Ìtàdógún, mẹ́tàdínlógún là ń kà, mẹ́rìndínlógún ló wà láàrin. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ àmì sí àlàfo dáadáa, inú orúkọ ọjọ́ ọjà ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Àwọn tó ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà ò tíì fẹnu kò lórí ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀: Fortran tí John Backus àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní IBM gbé jáde ní 1957, 1 ló ti ń kà tẹ́ ò bá sọ nǹkan míì fún un, Matlab àti Julia náà 1, C tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs, òdo ni, Python náà òdo. Tẹ́ ẹ bá wá ń fi C tàbí C++ pe LAPACK, ohun tí wọ́n ń pè ní ipiv, tó ń sọ àwọn ìlà mátíríìsì tí wọ́n fi pààrọ̀ ara wọn, láti 1 ló ṣì ti ń kà torí Fortran ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹ jẹ́ n padà sórí tẹ́ẹ̀sì, torí òun ló bí mi nínú jù. Tẹ́ẹ̀sì tá a ní fún fífi nǹkan sílé rèé: ṣe fẹ́kítọ̀ onílé márùn-ún, gbogbo ẹ̀ òdo, kọ v(3) = 7.5, wò ó bóyá v(3) ti di 7.5. Ó ń yege lójoojúmọ́. Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Láíbìrì tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ní kó fi 7.5 sí ilé 3, gbogbo ilé ló máa fi í sí, ó yege tẹ́ẹ̀sì yẹn. Èyí tí kò tiẹ̀ wo nọ́ńbà ilé tẹ́ ẹ pè, tó jẹ́ ilé kan ṣoṣo ló ń lò fún gbogbo ẹ̀, ó yege. Èyí tó fi í sí ilé 2, àmọ́ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá bèèrè 3 lọ́wọ́ ẹ̀ ilé 2 náà ló ti máa lọ mú un wá, ó yege, bí olè méjì tí wọ́n ń jẹ́rìí ara wọn. Kín la wá ń dán wò nígbà náà?

Èyí tá a kọ báyìí, a kọ́kọ́ ń fi nọ́ńbà tó yàtọ̀ síra sínú gbogbo ilé, 101, 102, 103, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, a kì í fi òdo bẹ̀rẹ̀ torí òdo máa ń bo àṣírí, tí kóòdù bá ṣèèṣì fi òdo pa òdo rẹ́ ta ló máa mọ̀? Lẹ́yìn náà a ó kọ ilé kan ṣoṣo, a ó wá yẹ gbogbo ilé tó kù wò pé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò wa, ẹni tó kéré jù nínú àwa mẹ́ta, ní ká kàn ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ká wo àròpọ̀, ó máa yá jù. Mo gbé ọpọ́n ayò síwájú ẹ̀, mo mú ọmọ ayò kan kúrò nílé kan mo jù ú sínú ìkejì, mo ní kó kà á. Ó kà á, 48. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi, ilé kọ̀ọ̀kan la máa wò."

Gbogbo ilé la sì ń ṣe é fún, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, lórí oríṣiríṣi gígùn. Gígùn yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Kọ̀ǹpútà òde òní tó bá fẹ́ yára kì í gbé nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtọ́ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní SSE2 ń gbé double (nọ́ńbà tó gba bíìtì 64) méjì lẹ́ẹ̀kan, AVX mẹ́rin, AVX-512 mẹ́jọ. Tí fẹ́kítọ̀ yín bá ní ilé méje tí ẹ̀rọ ń gbé mẹ́rin mẹ́rin, ó máa ku mẹ́ta nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n míì gbé, inú mẹ́ta tó ṣẹ́kù yẹn ni bọ́ọ̀gì, àṣìṣe inú kóòdù, fẹ́ràn láti máa gbé. Ẹni tó bá ń fi 8 nìkan dán an wò ò lè pàdé ẹ̀ láéláé. Àwa ń lo 1, 2, 3, 4, 5, 7, 8, 9, 15, 16, 17. Fún ọ̀rọ̀ olè méjì, v(3) la fi ń kọ ọ́ àmọ́ a kì í fi v(3) kà á padà, inú mẹ́mórì fúnra ẹ̀ la ń lọ tààrà nípasẹ̀ data() ká fojú wa rí i níbi tó yẹ kó wà, lẹ́yìn náà a ó yí i po, a ó fi data() kọ ọ́, a ó fi v(3) kà á.

Ohun kan wà tí mò ń bá àwọn èèyàn jiyàn lé lórí. Gbogbo wa ni wọ́n ti kìlọ̀ fún pé a kì í fi == wé nọ́ńbà oníkọ́mà, torí 0.1 + 0.2 máa fún yín ní 0.30000000000000004, òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n fífi nǹkan sílé kì í ṣe ìṣirò! Mo ní kó o bá mi tọ́jú nǹkan, mo padà wá gbà á, kí ló dé tó fi máa dín? Tó bá jẹ́ double ni mo fún un, tí ilé náà sì jẹ́ ilé double, bíìtì 64 ló wọlé, bíìtì 64 náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó bá gba ìyàtọ̀ 0.000001 láàyè nínú tẹ́ẹ̀sì yìí, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ṣèèṣì sọ ilé náà di float tó jẹ́ bíìtì 32 péré, 0.1 tó wọlé á jáde bí 0.10000000149011612, tẹ́ẹ̀sì á ní kò séwu. Ilé tó jẹ́ ti odidi nọ́ńbà tún burú jùyẹn lọ, nínú NumPy, láíbìrì ìṣirò Python, tẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́kítọ̀ int tẹ́ ẹ fi 2.9 sínú ilé kan níbẹ̀, 2 lẹ máa bá, kò ní pè yín. Double náà lópin tiẹ̀, ẹ fi 9007199254740993 sí i, 9007199254740992 lẹ máa bá. Méjì péré ni mo yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ == yìí: NaN, èsì tí kì í ṣe nọ́ńbà, tí kì í dọ́gba pẹ̀lú ara ẹ̀ rárá, isnan la fi ń mọ̀ ọ́n, àti -0.0, tí == máa ń kà sí 0.0 bẹ́ẹ̀ àmì iwájú ẹ̀ lè ti sọnù, ẹ lo signbit tó ń wo àmì yẹn.

Mo pè é ní nọ́ńbà oníkọ́mà torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé èdè Faransé, 28,5 là ń kọ níbí, àwọn ará wa ní Nàìjíríà á kọ 28.5. Ó ti kó wa sí wàhálà o. Ìwọ̀n ooru tí mo gbà sílẹ̀ ní Kétu, kọ̀ǹpútà tó wà lórí èdè Faransé la fi tọ́jú ẹ̀, kọ́mà ló kún inú fáìlì. Kóòdù wa ń kà á, ó ka 28, ó kan kọ́mà, ó dúró, ó fi 28 sílé, ó kọjá lọ. Ìdajì dìgírì dànù láìsí igbe. Tẹ́ẹ̀sì fífi nǹkan sílé ò lè mú ìyẹn torí 28 ni wọ́n gbé fún un, 28 náà ló sì wà níbẹ̀, nítorí náà ó ti ní tẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ lọ́tọ̀: a ń gbé "28,5" fún un, yálà kó kà á tán tàbí kó kọ̀ ọ́ pátápátá, kò gbọ́dọ̀ dúró láàrin.

Fífi odindi fẹ́kítọ̀ sínú òmíràn ò pẹ́ sọ: w = v, tí mo bá yí v padà lẹ́yìn náà w ò gbọ́dọ̀ mira, ẹ̀dà ni. Apá kan fẹ́kítọ̀ ló yàtọ̀, fèrèsé nìyẹn, ẹni tó bá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, inú yàrá gan-an ló fọwọ́ kàn. Ibi tó ti le ni tí fèrèsé méjì bá wà lára fẹ́kítọ̀ kan náà tí wọ́n sì gun ara wọn, ẹ ní kó kó ilé 0 dé 3 lọ sí ilé 1 dé 4. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òsì, 101 á pa 102 rẹ́, ohun tó yẹ kó gbé lọ sílé 2 ti di 101 kó tó débẹ̀, tó bá fi máa parí 101 ló kún gbogbo ibẹ̀. Ọ̀tún ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tá a dán an wò, láíbìrì wa ṣubú níbẹ̀, inú mi dùn pé àwa la rí i.

Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ẹ̀sì yẹn tí ì bá mú bọ́ọ̀gì ògiri mi, torí inú fẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wò, ara aládùúgbò ni ohun tó bàjẹ́ wà. Ohun tó mú un ni ìdènà. Ní Kétu, ẹnubodè àtijọ́ tó wà lára odi ìlú, Àkàbà Ìdènà là ń pè é, kò sẹ́ni tó dàgbà níbẹ̀ tí ò mọ̀ ọ́n. Orúkọ yẹn ni mo sọ nọ́ńbà méjì tá a fi sí iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan, idena ni wọ́n ń jẹ́ nínú kóòdù wa, -987654.25 ló wà nínú wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan míì síbẹ̀, lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan a ó yẹ̀ wọ́n wò. Báìtì 16 péré ló ń ná wa lórí fẹ́kítọ̀ kan, ìgbà tẹ́ẹ̀sì nìkan la sì ń fi wọ́n sí i. Lálẹ́ ọjọ́ tá a kọ́kọ́ gbé e wọlé, tẹ́ẹ̀sì ògiri pupa, ó kùnà: ìdènà ẹ̀yìn amọ̀, a retí -987654.25, a bá 28. Mo wo 28 yẹn, mo mọ ibi tó ti wá lójú ẹsẹ̀.

Mo sọ 40 di 41, mo sọ 15 di 16 torí bíríkì náà ń ṣe irú ẹ̀ sórí ilẹ̀ òfo tó tẹ̀lé e. Ooru ọ̀sán gba ara bíríkì wọlé kílẹ̀ tó ṣú, ti amọ̀ ò dé inú títí dòru, ó sì ti rọlẹ̀ gan-an kó tó dé.

A tún bá ara wa jiyàn lórí bóyá v(i) fúnra ẹ̀ ló yẹ kó máa wo ààlà. std::vector, fẹ́kítọ̀ tó bá C++ wá, ṣe é lọ́nà méjì, [] kì í wò, at() ń wò ó sì ń ju àṣìṣe. Eigen ń wò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti tan NDEBUG, tó ń pa irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kò ní wò mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní yíyẹ ààlà wò máa jẹ́ kó lọ́ra. Mo ní kó lọ́ra, àwọn àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n máa lò ó, ẹni tó bá fẹ́ eré á pa á fúnra ẹ̀. Ó gbà. Èyí tó kù ni fẹ́kítọ̀ tí ò nílé kankan, àná la kọ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, ìdènà méjì dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí nǹkan láàrin, v(0) gbọ́dọ̀ kọ̀. Ó kọ̀.

Mo ti pe ìyá àgbà padà, mo sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ti gbà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní ó dáa, ìgbà wo ni mo ń bọ̀ wá sílé. Mo kà á kí n tó dáhùn, mo ka òní mọ́ ọn, mo ní ó di ọrún.